Ẹ̀rọ Amúnǹkantutù Tí Wọ́n Pa ní Bhopal

Ní òru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, ọdún 1984, ikọ́ ni ó jí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lójú oorun ní ìlú Bhopal, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ojú ń ta wọ́n bí ẹni pé a fi ata sí i. Afẹ́fẹ́ olóró ti tú jáde láti inú ilé-iṣẹ́ Union Carbide tí ń ṣe oògùn apakòkòrò, ó sì ti wọ àdúgbò àwọn tálákà tí ó wà lẹ́bàá ọgbà ilé-iṣẹ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òkú ti wà káàkiri ojú títì. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba gbé jáde sọ pé ènìyàn 2,259 ni ó kú. Nígbà tí ó yá, ìjọba ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh gbé iye náà sókè sí 3,787. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún àwọn tí ọ̀ràn náà kàn gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ju ìdajì mílíọ̀nù lọ.

Púpọ̀ nínú ohun tí a ti kọ lórí Bhopal dá lé ẹjọ́ àti owó gbà-má-bínú. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí yàtọ̀ díẹ̀. Ìmọ̀ tí ìbá dá ẹ̀mí wọ̀nyẹn sí kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Ó ti wà nínú ìwé fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú òru ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1850, Ludwig Wilhelmy, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, da ásíìdì sínú omi ṣúgà, ó sì ń wọn bí ṣúgà náà ṣe ń yí padà. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí ṣúgà pọ̀ nínú omi náà, ìyípadà ń yá kánkán. Bí ṣúgà sì ti ń dín kù ni ìyípadà ń falẹ̀. Ní ọdún 1864, àwọn ọmọ ilẹ̀ Norway méjì, Cato Guldberg àti Peter Waage, sọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ di òfin: ìyára ìyípadà kẹ́míkà dúró lórí bí àwọn èròjà tí ó pàdé ara wọn ṣe ki tó níbi tí wọ́n wà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kí èròjà méjì tó lè di ohun mìíràn, àwọn ẹyọ wọn tí ojú kò lè rí gbọ́dọ̀ kọlu ara wọn. Bí ọjà bá sì kún, èjìká kò lè ṣàìkan èjìká.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìkọlù ni ó ń bí nǹkan tuntun. Ní ọdún 1884, Jacobus van 't Hoff, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ìgbóná ṣe ń darí ìyára yìí. Ní ọdún 1889, Svante Arrhenius ti Sweden ṣàlàyé ìdí rẹ̀: odi kan wà tí àwọn ẹyọ náà gbọ́dọ̀ fò kọjá kí ìyípadà tó lè wáyé, àwọn tí ó ní agbára tó láti fò ó kò sì pọ̀. Ooru ni ó ń sọ wọ́n di púpọ̀. Nítorí náà, ìgbóná díẹ̀ lè mú ìyára lọ sókè gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ìyípadà kẹ́míkà, bí ìgbóná bá fi 10°C lé sí i, ìyára yóò di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Láti 20°C dé 60°C, ó lè di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Van 't Hoff ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́mísírì, ní ọdún 1901. Arrhenius gba tirẹ̀ ní ọdún 1903. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àṣírí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Bhopal. Nínú táǹkì kan tí wọ́n ń pè ní E610, nǹkan bí 40 tọ́ọ̀nù methyl isocyanate wà níbẹ̀. Kẹ́míkà yìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní MIC, ni wọ́n fi ń ṣe oògùn apakòkòrò tí a mọ̀ sí Sevin. Bí ó bá dé 39°C, yóò hó. Bí omi bá kàn án, àwọn méjèèjì yóò bá ara wọn jà, ooru yóò sì jáde. Nítorí èyí ni ìlànà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi pàṣẹ pé kí ó máa tutù, ní nǹkan bí 0°C. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, bí omi tilẹ̀ ṣèèṣì wọlé, ìjà náà yóò máa rìn bí ìgbín, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì ráyè wá nǹkan ṣe sí i.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1984, wọ́n pa ẹ̀rọ amúnǹkantutù náà. Ilé-iṣẹ́ náà kò jèrè mọ́, wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti dín ìnáwó kù. Láti ìgbà náà, MIC inú táǹkì ń gbóná bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná.

Lóru ọjọ́ náà, omi wọ inú táǹkì. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé òṣìṣẹ́ kan tí inú ń bí ni ó mọ̀ọ́mọ̀ dà á sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé omi tí wọ́n fi ń fọ páìpù ni ó gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀nà yòówù kí omi gbà wọlé, ohun kan náà ni ó bá nínú táǹkì: kẹ́míkà tí a kò fi ohunkóhun là, tí kò sì tutù. Òfin méjì tí a ti sọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré ìje. Gẹ́gẹ́ bí Wilhelmy ti rí i, bí èròjà bá ti ń tán, ó yẹ kí ìyípadà máa falẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru tí ìyípadà náà ń bí ń mú un yára sí i, ìyára náà sì tún ń bí ooru mìíràn. Ìwọ̀nba èròjà nínú ìgò kékeré ìbá tètè tutù. Tọ́ọ̀nù 40 kò rí ọ̀nà tutù kí ooru tó borí. Inú táǹkì gbóná kọjá 200°C, fáàfù ṣí, afẹ́fẹ́ olóró sì tú sínú ìlú. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó fọ oró kúrò nínú afẹ́fẹ́ náà kò lágbára tó; òpó tí ó yẹ kí ó jó o níná wà lábẹ́ àtúnṣe.

A kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀. Láti ọdún 1982 ni akọ̀ròyìn ìlú Bhopal kan, Rajkumar Keswani, ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ewu ń bẹ nínú ilé-iṣẹ́ náà. Wọn kò kà á sí. Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 470 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ dá àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ méje lẹ́bi, ó sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún wọn.

Iná ẹ̀sìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn Bhopal, Íńdíà ṣe òfin tuntun lórí ààbò àyíká ní ọdún 1986. Ní ọdún kan náà, Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa sọ irú kẹ́míkà tí wọ́n kó pamọ́ fún àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀tọ́ tí kò yẹ kí a fi ṣeré ni èyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé nítòsí ilé ìkó-kẹ́míkà-sí, ní ìlú yòówù kí ó jẹ́, ní ìbéèrè méjì láti bi onílé: báwo ni ohun tí ẹ kó jọ sójú kan ṣe pọ̀ tó? Kí sì ni ó ń mú un tutù? Bí onílé bá dáhùn pé ẹ̀rọ kan ni, kí a tún bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lónìí.