Férémù Ló Kọ́kọ́ Dé: Awò Ojú àti Fọ́tò ní Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn awò ojú ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, ilé ìwòsàn ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Èrò tèmi ni pé ilé fọ́tò ló yẹ kó kọ́kọ́ yà. Kí dókítà ojú tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, fọ́tò ti kọ́ wọn ní ohun tí awò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò pé, nítorí férémù ni kámẹ́rà fẹ́, kò fẹ́ lẹ́ǹsì. Ohun tí fọ́tò gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀, tó tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà, tó lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò nígbà ìdìbò, férémù ni. Lẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ gan-an pẹ́ kó tó dé, àwọn tí ìdádúró yẹn ṣe ní ibi jù sì ni àwọn tó ń fi ojú jẹun: télọ̀, onídìrí, ìyá tó ń ṣa ìrẹsì.

Kì í ṣe Yorùbá ló dá àṣà fífi awò ṣe ẹ̀ṣọ́ àwòrán sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1286 ni wọ́n ṣe awò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Ítálì. Àwòrán tó pẹ́ jù tí a mọ̀ tó ní awò nínú ni èyí tí Tommaso da Modena kùn sára ògiri ní Treviso lọ́dún 1352. Àlùfáà àgbà kan, Hugh ti Saint-Cher, ló jókòó tó ń kọ̀wé, awò sì wà ní imú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1263 ni ọkùnrin náà kú, kò sì sí awò láyé nígbà náà. Akùnwòrán ló fi awò wọ òkú, kí ẹni tó bá ń wò ó lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni awò inú àwòrán ti ń sọ irú ẹni téèyàn jẹ́, kò sọ bóyá ojú rẹ̀ ríran. Nígbà tí kámẹ́rà dé Èkó, ọwọ́ àwọn tó sún mọ́ ìwé náà ló bọ́ sí. George Da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán Èkó tó lórúkọ jù láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ máníjà ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. láti 1877 sí 1895 kó tó sọ fọ́tò yíyà di iṣẹ́. Àwọn lọ́yà, olùkọ́, àlùfáà àti akọ̀wé ìjọba tó ń ra ìwé nírú ilé ìtàwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lówó láti jókòó níwájú kámẹ́rà, àwọn náà ni awò kọ́kọ́ bá lójú.

Síbẹ̀, wàhálà ni awò jẹ́ fún ayàwòrán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe bọ́ sórí dígí ló ṣe ń ta padà. Bí iná tàbí fèrèsé bá kọjú sí ẹni tó jókòó, lẹ́ǹsì á funfun báláú, ẹyin ojú á sì pòórá sẹ́yìn rẹ̀. Lójú Yorùbá, fọ́tò tí ojú kò hàn nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún ní àárín àwọn ọdún 1970, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978, ṣàpèjúwe fọ́tò àgbà bó ṣe yẹ kó rí: ẹni náà á wọ aṣọ ńlá, á jókòó dáadáa, á gbé ọwọ́ lé itan, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé síta nígbà ìsìnkú, òun náà ni ọmọ-ọmọ yóò fi mọ bàbá ńlá rẹ̀. Ayàwòrán tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ awò lójú, tó tún fẹ́ kí ojú hàn, ní láti dá ọgbọ́n. Ó lè gbé iná sókè. Ó lè gbé apá awò kúrò lórí etí díẹ̀ kí dígí lè dojú kọlẹ̀. Ó lè fi pẹ́ńsù tún nẹ́gátíìfù ṣe. Èyí tó rọrùn jù lọ ni kó yá a ní férémù tí kò ní dígí kankan. Ilé fọ́tò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì ti mọ̀ nípa ohun àyálò tipẹ́: Seydou Keïta, tó ṣí tirẹ̀ ní Bamako lọ́dún 1948, ń tọ́jú kóòtù, aago ọwọ́ àti rédíò fún àwọn tó bá wá ya fọ́tò.

Ní Alímọ̀ṣọ́, ìṣèlú ló fi ẹsẹ̀ àṣà yìí múlẹ̀. Àwọn abúlé Àwórì tó di Alímọ̀ṣọ́ kò sí lábẹ́ ìlú Èkó tẹ́lẹ̀. Apá Ìkẹjà ni wọ́n wà, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní May 1967. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba náà, bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 kàn wọ́n. Ọkùnrin tó sọ pé kí ọmọ àgbẹ̀ lọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ibi tí fọ́tò rẹ̀ bá dé ni awò rẹ̀ ń dé. Ìwé àti awò wá di nǹkan kan náà lójú ọmọ iléèwé. Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, tí ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé ìgbé Àbẹ̀sán sí Ìpájà, alawò ni òun náà. Nígbà tí ₦100 jáde ní December 1999, fìlà àti awò Awólọ́wọ̀ bọ́ sínú àpò gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tí kò wọ ilé ìwé rí.

Ẹnìkan lè sọ pé àròjinlẹ̀ lásán nìyí, pé owó ni kò jẹ́ káwọn èèyàn lo awò. Mo gbà pé owó wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Bọ́lá Tinúbú, gómìnà Èkó láti 1999 sí 2007, ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́ tó sì ń pín awò nínú ètò tí wọ́n pè ní Jígí Bọ́lá, àwọn èèyàn jáde. Ṣùgbọ́n awò olówó pọ́ọ́kú kò wọ́n ní Èkó, wọ́n ń kiri rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tà á: dígí ni wọ́n máa ń gbé lé oníbàárà lọ́wọ́ kó fi wo ara rẹ̀, kì í ṣe ìwé tí wọ́n kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí. Ohun tí Jígí Bọ́lá fi kún un ni àyẹ̀wò, òun gan-an sì ni fọ́tò kò lè fúnni. Ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, lára àwọn tó ti tó ẹni 40 ọdún sókè, fi hàn pé 4.2% ni ojú wọn ti fọ́. Lára àwọn tí tiwọn kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, ohun tó ń fà á jù ni àìrí awò tó bá ojú mu. Èrè tó wà nínú irú awò bẹ́ẹ̀ hàn ní Bangladesh: ìwádìí THRIVE tó jáde lọ́dún 2024 fún àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 65 ní awò ìríran-nítòsí. Láàárín oṣù mẹ́jọ, owó tó ń wọlé fún wọn fi 33% ju tàwọn tí kò rí awò gbà lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tí kò mọ̀wé pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n nílò rẹ̀ fún, kì í ṣe ìwé.

Àtakò kejì ni pé kámẹ́rà òde òní ti tú àṣà náà ká. Láti November 2016 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de awò nínú fọ́tò físà àti ìwé ìrìnnà. Bí èèyàn bá lọ ya fọ́tò NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ Nàìjíríà, wọn á ní kó bọ́ awò. Kọ̀ǹpútà fẹ́ ohun kan náà tí àwọn àgbà Ìlá fẹ́, pé kí ojú là gbangba. Ó dára bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, nítorí bí awò bá kúrò lára ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ fọ́tò, ó lè di irinṣẹ́ bíi ti abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kò tíì di bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà lọ́dún 2023: ẹgbẹ́ òṣèlú 18 ló wà lórí ìwé ìdìbò, àmì wọn sì kéré. INEC, àjọ elétò ìdìbò, gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ sí ibùdó ìdìbò fún àwọn àfín àti àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Obìnrin ẹni 50 ọdún tó ń ránṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, kì í ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn yẹn. Kò sì ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn alákọ̀wé alawò inú fọ́tò. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ilé awò kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.