TA NI Ó NI WÚRÀ ABẸ́ ILẸ̀?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ojú ìtàn wò lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ wúrà wíwá, pàápàá èyí tí àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀rọ wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn lè gbé káàkiri oko, tí yóò máa dún bí ó bá ti dé orí wúrà, tí òtòṣì àárọ̀ yóò sì di ọlọ́rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀rọ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, òun sì ni ẹ̀sìn wa kọ́kọ́ ń béèrè: ta ni ó ni ohun tí a wú jáde?

WÚRÀ KÌ Í ṢE ÀLEJÒ

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wúrà ti wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ilẹ̀ Bambuk àti Bure, ní agbègbè odò Senegal àti òkè odò Ọya, ni àwọn oníṣòwò ti ń fi ràkúnmí gbé wúrà la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní ọdún 1324, Mansa Musa, ọba Mali, gba Cairo kọjá nígbà tí ó ń lọ sí Hájì. Wúrà tí ó ná àti èyí tí ó fi ta ènìyàn lọ́rẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye owó wúrà fi já wálẹ̀ ní Íjíbítì. Al-Umari, ẹni tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, sọ pé nǹkan bí ọdún 12 kọjá tí ọjà wúrà kò tíì bọ̀ sípò. Mali yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé a ti rí orúkọ "Ìmàle" tí Yorùbá fi ń pe Mùsùlùmí.

Àwọn tí ń wa wúrà yẹn kò ní ẹ̀rọ. Wọn a gbẹ́ kòtò, wọn a bu yẹ̀pẹ̀ sínú igbá, wọn a máa fi omi ṣàn án títí yẹ̀pẹ̀ yóò fi lọ tí wúrà yóò sì kù sísàlẹ̀, nítorí wúrà wúwo ju iyanrìn lọ. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń ṣe é.

BÍ Ẹ̀RỌ AWÁ-IRIN ṢE BẸ̀RẸ̀

Kì í ṣe nítorí wúrà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọta ìbọn wọ inú ara rẹ̀, àwọn dókítà kò sì rí i yọ. Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò dún bí ó bá dé ìtòsí irin. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dán an wò, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di orí ibùsùn ààrẹ, kò rí nǹkan. Dókítà rẹ̀ kò jẹ́ kí Bell wo ju apá ọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta náà wà, irin inú ibùsùn sì tún ń da ìró ẹ̀rọ rú. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Józef Kosacki, ọ̀gá ọmọ ogun kan láti Pólàǹdì tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú ẹ̀rọ yìí tí ọmọ ogun kan ṣoṣo lè gbé dání. Nǹkan bí 500 rẹ̀ ni wọ́n lò ní El Alamein ní Íjíbítì ní ọdún 1942, láti fi wá àdó olóró tí àwọn ọmọ ogun Jámánì rì sínú iyanrìn. Nígbà tí ogun parí, àwọn ènìyàn ra èyí tó kù nílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ìgbafẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wáyà tí a ká róbótó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀. Iná tí ń lọ nínú wáyà náà ń rán agbára bíi ti òòfà wọ inú ilẹ̀. Bí ó bá kan wúrà, bàbà tàbí irin mìíràn, èyíinì yóò dá agbára tirẹ̀ padà, ẹ̀rọ yóò sì dún sí etí ẹni tó gbé e. Ṣùgbọ́n bí yóò ṣe dún fún wúrà náà ni yóò dún fún ìṣó àti ìdérí ìgò, àwọn wọ̀nyí sì ni ènìyàn máa ń wú jù.

ÀWỌN TÍ Ó ṢE KÒŃGẸ́ RẸ̀

Ní ọdún 1980, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kevin Hillier gbé ẹ̀rọ yìí rìn nítòsí Kingower ní Ọsirélíà. Ẹ̀rọ dún, ó gbẹ́lẹ̀, ó sì bá odidi wúrà kan tí ó wọn kílò 27 àti díẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní "Ọwọ́ Ìgbàgbọ́". Iye tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n tà á. Ta ni ó rà á? Ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan ní Las Vegas ni, wọ́n sì fi pàtẹ níbẹ̀ fún àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ láti máa wò.

Ìtàn kejì wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, àgbẹ̀ kan ní abúlé Hoxne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ òòlù rẹ̀ nù sóko. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eric Lawes, kí ó fi ẹ̀rọ bá òun wá a. Bí Lawes ti ń wá òòlù, owó fàdákà, ṣíbí àti ẹ̀gbà wúrà ni ó ń bá pàdé. Ó lè kó gbogbo rẹ̀ sápò kí ó sì máa lọ sílé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ìjọba. Àwọn onímọ̀ wá, wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì rí owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000 tí àwọn ará Róòmù rì mọ́lẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn. Ìjọba fún Lawes ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 750, òun àti àgbẹ̀ olóko sì jọ pín in. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú. Òun àti ìṣúra náà jọ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù.

OHUN TÍ ẸLẸ́SÌN WA TI SỌ TẸ́LẸ̀

Ẹ̀yin ará, ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè lọ́wọ́ Lawes kò jìnnà sí ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ti kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò pe gbogbo ohun tí a bá rí nílẹ̀ ní ohun kan náà.

Bí ó bá jẹ́ òrùka tàbí owó tí ẹnì kan sọ nù, luqata ni. Àńnábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí a kéde rẹ̀ fún odidi ọdún kan kí olóhun lè rí i. Bí ó bá jẹ́ ìṣúra tí àwọn ará àtijọ́ rì mọ́lẹ̀ kí Ìsìláàmù tó dé, rikaz ni, hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sì sọ pé ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ ti àwùjọ. Bí ó bá sì jẹ́ wúrà tí Ọlọ́hun dá sínú ilẹ̀, ma'din, èyí tí à ń pè ní kùsà, ni. Ní ìlànà Imáàmù Málíkì tí ó gbilẹ̀ jù ní apá ọ̀dọ̀ wa, sàká rẹ̀ ni ìdá kan nínú 40, bí ó bá ti tó ìwọ̀n dínárì 20, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 85. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe kòńgẹ́ odidi wúrà láìṣe làálàá púpọ̀, irú èyí tí Hillier rí, ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò yọ. Bí làálàá bá ti dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìpín àwọn ẹlòmíràn yóò ti pọ̀ sí i.

Ìlànà Málíkì yìí kan náà ló fi àṣẹ kùsà sí ọwọ́ olórí, ìbáà jẹ́ pé orí ilẹ̀ ẹnì kan ni ó wà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2007 lórí kùsà sọ ohun tó jọ ọ́: ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, ẹni tó bá fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rò pé òun rú òfin ìjọba nìkan nígbà tí ó ń wa wúrà lóru, kí ó tún inú rò.

BÍ A KÒ BÁ BÉÈRÈ OLÓHUN

Ní Sudan, láti nǹkan bí ọdún 2009, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ gbé ẹ̀rọ awá-irin wọ aṣálẹ̀. Àwọn kan là. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, àwọn ẹ̀yà méjì pa ara wọn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nítorí wúrà Jebel Amir ní Darfur, Mùsùlùmí sì ni ẹ̀yà méjèèjì. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wúrà wà lára ohun tí àwọn tí ń jà fi ń ra ohun ìjà. Àńnábì wa ti kìlọ̀ nípa òkè wúrà tí yóò hàn ní odò Furat tí àwọn ènìyàn yóò máa para wọn lé lórí. Ó ní kí ẹni tó bá ṣojú rẹ̀ má ṣe mú nínú rẹ̀.

Ní Zamfara, ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà ní àgbàlá ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sí ilẹ̀ àti oúnjẹ, ó sì dé ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń rá. Ó kéré tán, ọmọdé 400 ló kú. Bàbá tó ń wá oúnjẹ ọmọ ni ó gbé májèlé wọlé láìmọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wúrà wà jù, ní Ìtàgúnmódì, Ìpéríndó àti agbègbè wọn. Ní oṣù keje ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Sẹ̀gilọlá yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Àwọn tí kò gbàṣẹ náà pọ̀. Ẹrẹ̀ kùsà ń ṣàn wọ odò Ọ̀ṣun títí àwọ̀ omi fi yí padà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì kìlọ̀ ní ọdún 2022 pé kí a má mu ún. Kí ọ̀dọ́ tó ń ronú láti ra ẹ̀rọ mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú ni wúrà ibẹ̀ máa ń jẹ́, ẹ̀rọ kì í sì í sábà gbọ́ irú rẹ̀. Ìyàngì ilẹ̀ wa tí irin kún inú rẹ̀ a sì tún máa tan ẹ̀rọ jẹ.

Kì í sì í ṣe wúrà nìkan ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn orí tí a fi bàbà rọ pàdé. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Òfin ọdún 1979 sọ pé a kò gbọdọ̀ wú irú ohun bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ.

Kí àwa ará Ṣàngó má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ohun abúgbàù ni àwọn awakùsà fi ń fọ́ àpáta. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìbúgbàù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà tí ó múlé gbè wá. Ẹ̀mí lọ sí i, ọ̀pọ̀ ilé sì bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni wọ́n ń gbé inú ilé kan níbẹ̀, tí wọ́n sì kó ohun abúgbàù sí. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí ilé wọn wó kò bá wọn lọ sí oko kùsà, wọn kò sì jẹ nínú èrè rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, Ìsìláàmù kò kórìíra ọrọ̀, kò sì ní kí a má rìn ilẹ̀ wá oore Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá wu láti wá wúrà, kí ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó gba ìyọ̀ǹda onílẹ̀, kí ó má ṣe lọ òkúta nílé tí ọmọdé wà, kí ó dí kòtò tí ó gbẹ́, kí ó sì yọ ẹ̀tọ́ tàwọn aláìní kí ó tó ná kọ́bọ̀. Yorùbá ní ọ̀kánjúà àti olè, déédéé ni wọ́n jẹ́. Ẹ rántí Káàrúnà, tí àwọn alágbára kò lè tètè gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra rẹ̀. Ó ní ìmọ̀ òun ló kó ọrọ̀ jọ fún òun, ilẹ̀ sì gbé òun àti ilé rẹ̀ mì.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi hàláálì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó má jẹ́ kí arísìkí wa di ìpalára fún aládùúgbò wa. Àmín.