Ooru Táyà, Láti Inú Ni

Ọ̀nà Kumasi ló ń bọ́ àwọn Yorùbá oníṣòwò tó wà ní Tamale, ní àríwá Ghana, kí ọdún 1969 tó dé. Ó tó nǹkan bíi 380 kìlómítà, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń kó ọjà wọn gba Kintampo àti Buipe wá. Àwọn yòókù ń ta aṣọ àti ohun èlò kẹ̀kẹ́. Bàbá tèmi, táyà ni wọ́n ń lẹ̀ ní àdúgbò Sabonjida.

Lóṣù Kẹta, tí oòrùn Tamale bá mú ganrínganrín, awakọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́ kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi oòrùn. Bàbá mi kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú méjèèjì, wọ́n á ní: "Oòrùn kan náà ló pa àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi gbóná ju ìkejì lọ?" Afẹ́fẹ́ ni. Bí táyà ṣe ń yí, ibi tó bá kan ilẹ̀ á tẹ̀, á tún nà padà. Rọ́bà kì í dá gbogbo agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ padà. Ìyókù a di ooru. Imí-ọjọ́ tí Charles Goodyear fi iná sè pọ̀ mọ́ rọ́bà ní 1839 jẹ́ kó lè máa nà padà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mú ooru yẹn kúrò. Afẹ́fẹ́ tí John Boyd Dunlop fi sínú táyà ní Belfast lọ́dún 1888 ló ń gbé ẹrù. Bó bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ kọjá ààlà, okùn inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára rọ́bà. Ohun kan náà ni àpọ̀jù ẹrù ń ṣe.

Lóṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọkọ̀ tó kó wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kún dé orí. Bàbá mi kò gbà kó gbéra àfi ìgbà tí wọ́n wọn táyà rẹ̀ tán.

Irú ooru inú yìí kì í ṣe ti táyà nìkan. Lóṣù Kẹta 1979, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stanton Peale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ọ́ pé inú Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter, ti ní láti yọ́. Wákàtí 42 ni Io fi ń yí Jupiter po. Ó ń sún mọ́ ọn, ó tún ń jìnnà sí i díẹ̀, Jupiter sì ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́, bí ilẹ̀ ṣe ń tẹ táyà tó ń yí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwòrán tí ọkọ̀ ojú sánmà Voyager 1 yà fi òkè ayọnáyèéfín hàn níbẹ̀. Ojú ilẹ̀ Io tutù ju yìnyín lọ. Oòrùn wo la fẹ́ dá lẹ́bi?

Síbẹ̀, mo ṣì ń rí awakọ̀ tó ń dúró lójú ọ̀nà láti tú afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná dànù, pé kó má baà bẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ooru ló gbé gééjì sókè; bí táyà bá tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní tó mọ́. Ẹ̀yin tó ń wakọ̀, àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí táyà tó yí rárá.