Òkè Lọwọ́ Afúnni Ń Gbé: Ìtàn Owó Ìdáwó Tí Ó Gbé Ìwé Ìmọ̀ Ọ̀fẹ́ Ró

Bí olùkọ́ bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àṣetiléwá lónìí, pé kí wọ́n lọ wá ìtàn Ogun Kírìjì, tàbí bí ọkàn ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ojú ewé Wikipedia ni ọ̀pọ̀ wọn yóò kọ́kọ́ ṣí. Wọn yóò kà á, wọn yóò dà á kọ (àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa dà á kọ ju bí ó ti yẹ lọ), wọn yóò sì pa á dé. Kò sí ẹni tí yóò béèrè kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wọn kí ó tó gbà wọ́n láyè láti kà á. Kò sí ìpolówó ọṣẹ tàbí ti ọtí tí yóò yọjú láàárín ìlà kan sí èkejì. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ni ó ra igi ìdáná.

Ta ni ó wá ń san owó náà? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ owó lásán. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ bùkátà nǹkan ni ó sábà máa ń ní àṣẹ lórí rẹ̀. Yorùbá sì ti sọ ọ́ pé òkè lọwọ́ afúnni ń gbé. Ìtàn yìí ni ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kọ ìwé kan fún ìgbádùn ara wọn, tí wọ́n wá rí i pé bí àwọn kò bá fẹ́ kí ẹlòmíràn jọba lé iṣẹ́ àwọn lórí, àfi kí àwọn náà dáwó.

Ọ̀rọ̀ ìdáwó kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó mẹ́nu ba èésú gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó gbilẹ̀ láàárín wa. Nínú èésú, iye tí ènìyàn dá ni yóò kó nígbà tí ó bá kàn án. Nínú àáró, bí Àjàní bá bá Àkànní ro oko lónìí, ọjọ́ mìíràn ni Àkànní yóò bá òun náà ro tirẹ̀. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò pèsè jíjẹ àti mímu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹrin kan wà, èyí tí í ṣe ìdáwó ìlú. Nígbà tí ìlú bá dáwó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ẹni tí kò bímọ yóò dá, ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà yóò dá. Ọmọ àlejò tí àwọn òbí rẹ̀ kò dá kọ́bọ̀ yóò sì jókòó nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ onílé. Kò sí ẹni tí yóò kó owó rẹ̀ padà. Irú ìdáwó kẹrin yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bomis, tí Jimmy Wales jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìmọ̀ kan tí wọ́n pè ní Nupedia. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni yóò máa kọ ọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele méje kí ó tó jáde. Iṣẹ́ náà ń rìn bí ìgbín. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2001, Wales àti Larry Sanger, ẹni tí Bomis gbà síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olóòtú, ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún èyí tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Ìyẹn ni Wikipedia.

Àwọn tí ó rọ́ wá kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin ń kọ nípa ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹyẹ ń kọ nípa ẹyẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń lọ ta ayò lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Bomis ni ó ń san owó kọ̀ǹpútà, òun ni ó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ó sì ń san owó oṣù Sanger. Orí ìpolówó ọjà sì ni Bomis ti ń rí owó tirẹ̀.

Nígbà tí ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, owó Bomis náà gbẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2002, Sanger kọ ọ́ sí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí Bomis bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpolówó sí ojú ewé Wikipedia. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn tí ń kọ ọ́ ní èdè Spéìn nínú. Lójú wọn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ọ̀rẹ́ kọ́lé lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọ̀rẹ́ náà wá fi ilé ọ̀hún háyà fún àlejò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ya kúrò, wọ́n sì dá ìwé ìmọ̀ tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní Enciclopedia Libre, lórí kọ̀ǹpútà Yunifásítì Seville ní ilẹ̀ Spéìn. Òfin tí ó de iṣẹ́ náà kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí pé ó gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó ohun tí a ti kọ lọ síbòmíràn. Apá ìparí ọdún 2004 ni Wikipedia èdè Spéìn tó tún ní àròkọ ju ti àwọn tí ó ya lọ.

Lẹ́yìn ìyapa yìí, Wales kéde pé kò ní sí ìpolówó ọjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àdírẹ́sì Wikipedia yí kúrò lórí .com, tí a mọ̀ mọ́ àwọn oníṣòwò, ó bọ́ sórí .org. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá lé olówó lọ, gbèsè kò bá a lọ.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹfà, ọdún 2003, a dá àjọ Wikimedia Foundation sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, àjọ tí kò sí fún èrè jíjẹ. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ní àsìkò Kérésìmesì, àwọn kọ̀ǹpútà díẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Wales kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn òǹkọ̀wé àti òǹkàwé pé dọ́là 20,000 ni a nílò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó tí ó wọlé ju iye tí ó béèrè lọ. Kọ̀ǹpútà tuntun dé ní ọdún 2004. Ní oṣù kejì ọdún 2005, wọ́n tún béèrè dọ́là 75,000. Dọ́là 94,000 ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Yorùbá máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Kẹ̀kẹ́ náà kò yí padà. Ẹni tí ó ń gùn ún ni ó yí padà. Nígbà tí ó jẹ́ pé Bomis ni ó ń sanwó, lẹ́tà kan ṣoṣo tó láti da gbogbo ilé rú. Nígbà tí ó di owó kékeré láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè sọ pé kí a gbé ọjà òun sójú ewé, tàbí kí a pa àròkọ kan rẹ́ nítorí pé kò dùn mọ́ òun nínú.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi hàn pé ìdáwó lè ní ìwọ̀n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, Hugh McGuire bẹ̀rẹ̀ LibriVox ní ìlú Montreal ní Kánádà. Iṣẹ́ àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ ọn ni pé kí wọ́n ka àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan ti kúrò lórí wọn sókè, kí wọ́n gba ohùn ara wọn sílẹ̀ nínú yàrá wọn, kí ẹnikẹ́ni sì lè gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé Joseph Conrad kan, The Secret Agent, ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Bí ọdún márùn-ún kọjá kí wọ́n tó tọrọ owó ní gbangba. Ní oṣù kejì ọdún 2010, wọ́n béèrè dọ́là 20,000, nítorí pé bí dọ́là 5,000 ni iṣẹ́ náà ń ná wọn lọ́dún. Ọjọ́ 13 péré ni owó náà fi pé. Wọ́n pa àpótí dé, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá tún fẹ́ dá owó gbé e fún àwọn tí ń bá wọn tọ́jú ìwé àti ohùn wọn. Ẹni tí ó ti yó ni ó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé òun ti yó.

Wikipedia kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bí òǹkàwé ṣe ń pọ̀ sí i ni ìnáwó ń pọ̀ sí i, owó tí ń wọlé náà sì ń ga sí i. Ní ọdún ìnáwó 2022 sí 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 180 dọ́là ni ó wọlé, láti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méje. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2021, àpò ìfipamọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú ti pé mílíọ̀nù 100 dọ́là. Síbẹ̀ ẹ̀bẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn òǹkọ̀wé Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì dìde, wọ́n ní kò yẹ kí a máa bẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé ilé fẹ́ wó nígbà tí ilé kò fẹ́ wó. Àjọ náà gbà fún wọn, ó sì tún ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà kọ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ wọn.

Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó le jù nínú ìtàn yìí. Ìdáwó gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ oníṣòwò, ṣùgbọ́n kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jíhìn, ẹni tí ó dáwó sì gbọ́dọ̀ lè béèrè. Àwọn baba wa mọ èyí: bí akápò ẹgbẹ́ kò bá ka owó níwájú ìpàdé, ìpàdé tí ń bọ̀ kò ní kún.

Ó kù síbì kan. Wikipedia wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, àròkọ inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n owó kọ̀ǹpútà tí ó gbé e dúró, inú àpò gbogbo ayé kan náà ni ó ti ń jáde, láti ọwọ́ àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò lè kí ènìyàn ẹ káàárọ̀ ní èdè Yorùbá. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àwa ni ọmọ àlejò tí ó jókòó láàárín ọmọ onílé.

Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń ṣe ìdáwó ìlú. Ṣùgbọ́n ọmọ àlejò náà lè mú ìgbálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní dọ́là lè ṣí àròkọ nípa ìlú rẹ̀, kí ó tún àmì ohùn tí ó ṣì ṣe, kí ó fi ọdún tí ó dá lójú kún ibi tí kò sí. Olùkọ́ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá dípò àdàkọ. Ìdáwó ni ìyẹn náà, ọwọ́ tí ó bá sì dá a ti kúrò nísàlẹ̀.