Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014, ní aago Atakpamé

Aago Tógò bá aago àgbáyé dọ́gba láìyẹ̀, nítorí náà gbogbo wákàtí tó wà níhìn-ín, wákàtí Atakpamé ni. Ọjọ́ Ajé ni. OpenSSL, ètò ọ̀fẹ́ tó ń pa àṣírí mọ́ láàárín kọ̀ǹpútà méjì, ní ihò nínú.

Aago 5:56 òwúrọ̀: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Red Hat kan kọ ọ̀rọ̀ ihò náà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní 6:10, ó ta àwọn tó ń pín Linux lólobó, kò sọ kúlẹ̀kúlẹ̀.

Lọ́sàn-án, OpenSSL gbọ́ láti Finland pé àwọn mìíràn ti rí ihò kan náà tí Neel Mehta ti Google rí. Kò ṣeé fi pamọ́ mọ́.

Aago 4:53 ìrọ̀lẹ́: àtúnṣe wọlé. Aago 5:27: ẹ̀dà OpenSSL tuntun, 1.0.1g, jáde, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé ẹni tí kò bá lè gbà á kíákíá, kó tún compile èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àṣàyàn -DOPENSSL_NO_HEARTBEATS.

Ìmọ̀ràn yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Ohun tí àṣàyàn náà ń pa ni heartbeat, tí kì í jẹ́ kí ìsopọ̀ já. Ọ̀pọ̀ ìkànnì kò nílò rẹ̀ rárá, síbẹ̀ láti oṣù kẹta 2012 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Inú rẹ̀ ni ihò náà wà: àjèjì tó bá bèèrè lè kó nǹkan tó tó 64 kilobyte nínú ìrántí kọ̀ǹpútà lọ, á tún padà wá bèèrè.

Kí òru tó jìn, Heartbleed, orúkọ tí wọ́n fún ihò náà, ti gbòde.

Ṣé ká wá fi àṣàyàn sí gbogbo nǹkan ni? Rárá o. Lóṣù yẹn kan náà, Ted Unangst ti OpenBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbìyànjú OPENSSL_NO_BUF_FREELISTS, àṣàyàn mìíràn nínú OpenSSL. Ètò náà kò ṣiṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àṣàyàn bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ mẹ́wàá péré, oríṣi ètò 1,024 ló ń bí. Ta ni yóò dán gbogbo wọn wò? OpenBSD dá LibreSSL, ẹ̀yà OpenSSL tiwọn, sílẹ̀, wọ́n sì gé ọ̀pọ̀ irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ dànù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. OpenSSL fúnra rẹ̀ yọ heartbeat kúrò ní ẹ̀dà 1.1.1, ọdún 2018.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Atakpamé tí ẹ ń kọ ètò fún aráyé, ohun tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò, ẹ tì í pa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó fi àṣàyàn tuntun kún un, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa dán an wò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹni náà, ẹ má fi kún un.