Ṣíìpù Àfọwọ́ṣe àti Ṣíìpù Àrà: Láti PlayStation dé Ilé Géèmù Kàbbà

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni Sony gbé PlayStation sọ́jà ní Japan. Orí síìdì ni géèmù rẹ̀ wà, síìdì kò sì ṣòro dà kọ. Kí ayédèrú má baà gba ọjà, Sony fi lẹ́tà mẹ́rin pamọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ síìdì kọ̀ọ̀kan: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ tí aráyé fi ń da síìdì kọ nílé kò lè kọ lẹ́tà wọ̀nyí. PlayStation tí kò bá sì rí wọn kò ní ṣí géèmù.

Ṣíìpù kékeré tí wọ́n ń jó mọ́ inú ẹ̀rọ ló fọ́ ìdènà náà. Ó ń pe lẹ́tà ọ̀hún sétí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí àlejò tí wọ́n ti kọ́ ní ohun tó máa wí fún onílẹ̀kùn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á ra PIC, ṣíìpù òfìfo tí ilé iṣẹ́ Microchip ń ṣe, á fi kọ̀ǹpútà kọ kóòdù sínú rẹ̀, á sì jó wáyà tín-ín-rín mọ́ bọ́ọ̀dù. Irú PIC bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń tà, kóòdù ti wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ àti ẹni tó rà á fojú hàn nígbà tí àwọn géèmù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣíìpù kiri nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó fi PIC16C84 ṣe tirẹ̀ lè pa kóòdù àtijọ́ rẹ́, kó kọ òmíràn. Ẹni tó rà á tún padà sí ọjà.

PlayStation 2 dé ní ọdún 2000. Wáyà pọ̀ sí i, iṣẹ́ le sí i, ṣíìpù àrà bíi Matrix Infinity sì gba ọjà. Sáà yìí ni ilé géèmù gbòde ní Nàìjíríà. PS2 tòkunbọ̀ ń gba Alábà àti Computer Village ní Èkó lọ sí ìlú káàkiri, títí dé Kàbbà ní ìpínlẹ̀ Kogi àti ilẹ̀ Okun yòókù: bọ́ọ̀lù kan, owó kan, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ ni atúnṣe ń tà níbẹ̀. Bí irin gbígbóná bá pẹ́ jù lórí bọ́ọ̀dù, bàbà á ṣí, ẹ̀rọ á kú. Nígbà tó di 2008, Free McBoot dé: mẹ́mọ́rì káàdì lásán, kò sí wáyà jíjó mọ́.

Ọ̀rọ̀ tún yí bìrí lórí Nintendo Switch. Ní 2020, ọwọ́ òfin Amẹ́ríkà tẹ àwọn àgbà Team Xecuter, ẹgbẹ́ tó ń ta ṣíìpù àrà SX Core fún Switch, wọ́n sì rán ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀wọ̀n oṣù 40 ní 2022. Ní 2023, àwọn àdáṣe ti ń kọ kóòdù Picofly sínú RP2040, ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú.

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 náà lòdì sí fífọ́ irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Bí òfin bá ti ọ̀nà yẹn pa, ọjà ẹni tó ń ra ṣíìpù tà ti parí nìyẹn. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ kóòdù lè fi irú PIC kan náà darí ìnfátà tó máa tan iná sílé ní Kàbbà.