Ọlọ́pàá, Ọdẹ àti Ìbàlẹ̀ Ọkàn Ará Àdúgbò: Ẹ̀kọ́ láti Ìkòròdú

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ààbò mu, nítorí pé kì í ṣe ìbọn àti kóńdó nìkan ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn sùn lóru; ìmọ̀ tí aládùúgbò ní nípa aládùúgbò rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Láyé àtijọ́, odi àti yàrà ni ó yí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ká. Oníbodè ni ó ń ṣọ́ ẹnubodè, òun ni ó mọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde. Àwọn ọdẹ a máa ṣọ́ ìlú lóru. Àlejò kò sì gbọdọ̀ sùn nínú agbo ilé kí baálé má gbọ́. Ojú púpọ̀ ni ó ń ṣọ́ ìlú nígbà náà.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ètò mìíràn dé. Ẹ̀ṣọ́ ọgbọ̀n ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ní 1863, John Glover kó àwọn Hausa jọ sínú iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti sá kúrò lóko ẹrú. Wọn kò ní ẹbí ní Èkó tí wọn yóò gbè lẹ́yìn, èyí sì tẹ́ ìjọba lọ́rùn. Ní 1896 ni Èkó ní ọlọ́pàá tirẹ̀ gan-an, ní oṣù Kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n sì pa ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀pá ọwọ́ wọn ni orúkọ tí Yorùbá fún wọn tọ́ka sí. Àṣẹ ni ará ìlú rí lára wọn, kì í ṣe ààbò.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ ìlú kò lè ṣi agbára lò. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ọlọ́pàá tiwọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní akódà. Nígbà rògbòdìyàn òṣèlú ní Ìwọ̀-Oòrùn láàárín 1962 sí 1966, àwọn olóṣèlú lò wọ́n láti fi ni alátakò lára. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i ní Ìkòròdú, ní òdìkejì ọ̀sà sí Èkó. Ìlú àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àdúgbò titun yí i ká, níbi tí onílé ti ń kó wọlé kí títì àti iná tó dé. Ní ọdún 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ pa odidi ìdílé lójú oorun. Àwọn kan fi ilé tí wọ́n fi òógùn ojú kọ́ sílẹ̀. Àwọn onílé mú àdá àti fèrè, wọ́n ń ṣọ́ òru fúnra wọn.

Ìbẹ̀rù náà sì bí ìkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje 2017, àwọn èrò pa àwọn aláìṣẹ̀ kan nítorí ìfura lásán; aláwàdà kan wà lára wọn. Ẹni tí ó ń wá ààbò ti di ẹni tí ó yẹ kí a bẹ̀rù. Nígbà tí ó yá, ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ OPC jùmọ̀ gbógun ti àwọn afurasí.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ní 2016, Àmọ̀tẹ́kùn sì dé ní oṣù Kìíní 2020. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ìjọba tú SARS ká, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rù wọn ju olè lọ. Ìtàn wá fi hàn pé àjèjì tí kò mọ ìlú kò lè ṣọ́ ọ tán, ọmọ ìlú tí òfin kò dè a sì máa dá ẹjọ́ ìkà. Ẹni tí ó mọ àdúgbò, tí òfin sì ń bi léèrè, ni ó lè fi ará ilé lọ́kàn balẹ̀.